Náítíréètì ò lọ sílẹ̀: ṣé ká kọ́ táǹkì tuntun ni, àbí ká kọ́kọ́ pa bílówà?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ omi ẹ̀gbin, ẹ gbà mí o. Pláǹtì kékeré ni mò ń bójú tó, omi ẹ̀gbin bí ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn ló ń wọ inú rẹ̀. Táǹkì afẹ́fẹ́ kan gbọọrọ, táǹkì ìtòrò kan, bílówà méjì, ó parí. Látìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, BOD (ọ́síjìn tí bakitéríà máa lò láti jẹ ẹ̀gbin inú omi) àti ìdọ̀tí tó ń léfòó nìkan ni àwọn alábòójútó ń bi wá. Wọ́n ti wá sọ báyìí pé àpapọ̀ náítírójìn tó ń jáde ò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 15 nínú lítà kan lọ. Ámóníà wa ò tó 1. Náítíréètì ló wà ní 28. Ẹnjiníà tí wọ́n gbé wá ní àfi táǹkì tuntun méjì àti methanol (irú ọtí kan tí bakitéríà ń jẹ bí oúnjẹ) lójoojúmọ́. Owó ẹ̀ ò sí níbì kankan. Ẹlòmíì ní kí n kàn máa pa bílówà láti alẹ́ di àárọ̀, pé gbogbo ẹ̀ á yanjú. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹrẹ̀ mi, ìyẹn àwọn bakitéríà tó ń jẹ ẹ̀gbin, má lọ kú. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn?

* * *

Má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ẹnjiníà yẹn ò purọ́, ẹni tó ní kí o pa bílówà náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi ọ́ ní ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi: kí ni pláǹtì rẹ ò ní?

Wo nọ́ńbà tí o kọ. Ámóníà ò tó 1, náítíréètì 28. Ìdajì iṣẹ́ ti parí nìyẹn, ìdajì tó le jù sì ni. Inú ìtọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn omi ẹ̀gbin ilé ti ń wá. Ìtọ̀ ò ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 omi náà lọ, síbẹ̀ òun ló ń gbé nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 náítírójìn wọlé. Ó máa ń di ámóníà. Bakitéríà kan á fi ọ́síjìn sọ ámóníà yẹn di náítíráìtì, òmíràn á sọ ìyẹn di náítíréètì. Àwọn bakitéríà wọ̀nyí kì í tètè pọ̀ sí i, òtútù ń dà wọ́n láàmú, ọṣẹ apakòkòrò ń pa wọ́n. Tìrẹ wà láàyè, wọ́n sì ń jẹun dáadáa. Àwọn kan ti ná owó ńlá kí wọ́n tó dé ibi tí o wà yìí.

Bakitéríà mìíràn ló ń ṣe ìdajì tó kù, wọ́n sì ti kún inú ẹrẹ̀ rẹ tẹ́lẹ̀. Bí wọn ò bá rí ọ́síjìn mí, wọ́n á já ti inú náítíréètì gbà, náítírójìn á di afẹ́fẹ́, á gba ojú omi lọ. Ohun méjì péré ni wọ́n ń fẹ́: kí ọ́síjìn má sí nítòsí, kí oúnjẹ sì wà, ìyẹn kábọ́ọ̀nù inú ẹ̀gbin. Nínú pláǹtì tìrẹ, afẹ́fẹ́ ń hó níbi gbogbo, tọ̀sán tòru. Ohun tí o ò ní nìyẹn. Ẹnjiníà fẹ́ fún ọ ní ibi tí kò sí afẹ́fẹ́. Ẹnì kejì fẹ́ fún ọ ní àsìkò tí kò sí afẹ́fẹ́. Àsìkò ni owó rẹ̀ kéré jù, nítorí náà òun ni kí o kọ́kọ́ dán wò.

* * *

Kí a tó máa bá a lọ: 28 yẹn, náítíréètì lódindi ni, àbí náítírójìn tó wà nínú náítíréètì? Ilé àyẹ̀wò kan lè kọ ọ́ báyìí, òmíràn á kọ ọ́ lọ́nà kejì, àwọn bébà ìdánwò náà ò fẹnu kò. Náítírójìn mílígíráàmù 1 jẹ́ náítíréètì mílígíráàmù 4.43. Bó bá jẹ́ náítíréètì lódindi lo kà, náítírójìn rẹ ò ju 6.3 lọ, o ò sì lẹ́bi kankan lọ́rùn, kí o lọ sùn. Mo ti rí ibi tí ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán nítorí ọ̀rọ̀ kékeré yìí.

(Olùbéèrè ti dáhùn pé náítírójìn ni, ilé àyẹ̀wò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó dáa. Iṣẹ́ wà nílẹ̀ nìyẹn.)

* * *

Ọ̀pọ̀ yín ti dá sí ọ̀rọ̀ pípa bílówà, ẹ sì pín sọ́nà méjì. Àwọn kan ní ẹrẹ̀ á kú. Àwọn kan ní kò sí ohun tó máa ṣe é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mi ò sí lẹ́yìn ẹnì kankan.

Bakitéríà kì í kú nítorí wákàtí kan tàbí méjì láìsí afẹ́fẹ́. Àwọn tó ń jẹ ámóníà á kàn dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ á padà dé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n alẹ́ di àárọ̀ ti pọ̀ jù. Náítíréètì á tán láàárín òru, ẹrẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ámóníà tó ń wọlé á sì máa kó jọ láìsí ẹni tó máa jẹ ẹ́.

Òru kọ́ ló tiẹ̀ dára jù fún un. Èèyàn mélòó ló ń lo omi lóru? Ohun tó ń wọlé nígbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi lásán, bẹ́ẹ̀ kábọ́ọ̀nù ni bakitéríà tó ń já náítíréètì ń wá. Àárọ̀, nígbà tí gbogbo ilé bá jí, ni kábọ́ọ̀nù ń dé. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ pláǹtì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kíkankíkan, tí wọ́n á fi jó oúnjẹ náà dànù kí náítíréètì tó débẹ̀. Ẹnì kan takò mí lókè pé àárọ̀ náà ni ámóníà ń pọ̀. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pín in kéékèèké: wákàtí kan pípa, wákàtí méjì títàn, kó máa yí bẹ́ẹ̀ lọ. Táímà kan ló gbà.

Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wọn ọ́síjìn inú táǹkì nígbà tí bílówà ń ṣiṣẹ́. Bó bá wà ní mílígíráàmù 5 tàbí 6 nínú lítà, èyí tó wọ́pọ̀ ní pláǹtì kéékèèké tí wọ́n kọ́ tóbi ju iṣẹ́ wọn lọ, ìgbà tí o bá pa á, o máa dúró pẹ́ kí ọ́síjìn tó tán, wákàtí rẹ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bá a wálẹ̀ sí nǹkan bíi 2. Ìgbà tí ọ́síjìn bá bọ́ sábẹ́ 0.3 ni aago ń bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́.

Lẹ́yìn náà, bu omi táǹkì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, jẹ́ kí ẹrẹ̀ rọlẹ̀, ki bébà ìdánwò bọ omi tó tòrò lókè. Bí náítíréètì bá ṣì ń lọ sílẹ̀ nígbà tí wákàtí pé, fi kún àsìkò pípa. Bó bá ti tán ní ìṣẹ́jú 40, kí lo tún ń dúró dè? Tan bílówà. Bí ámóníà bá sì kọjá 2 ní ìparí àsìkò títàn, dín àsìkò pípa kù. Ọ̀sẹ̀ kan kì í tó láti mọ̀ bó ṣe ń lọ, nítorí náà má máa yí táímà lójoojúmọ́.

Ní ìpínlẹ̀ Montana ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìlú kéékèèké ti dín náítírójìn wọn kù lọ́nà yìí: wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa tan afẹ́fẹ́ àti bí wọ́n ṣe máa pa á, wọn ò kọ́ táǹkì.

* * *

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa àti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Bí afẹ́fẹ́ bá dúró, ẹrẹ̀ á rọlẹ̀, bakitéríà àti náítíréètì ò sì ní pàdé. Àwọn kan ń tan bílówà fún ìṣẹ́jú kan péré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè ro ó pọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dá ọ́síjìn padà sí ibi tí a ti ń lé e jáde. Èmi ń fẹ́ ẹ̀rọ ìropo kékeré kan tó ń yí lábẹ́ omi. Iná tó ń jẹ kéré sí ti bílówà gan-an.

Wo ohun tó ń tú afẹ́fẹ́ jáde nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ rọ́bà, ihò rẹ̀ ń pa ara rẹ̀ dé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dúró. Bó bá jẹ́ amọ̀ sísun, ẹrẹ̀ á wọ inú rẹ̀, á dí i, má sì dán pípa wò rárá kí o tó pààrọ̀ rẹ̀. Mọ́tò bílówà náà ní iye ìgbà tó yẹ kí wọ́n tan án láàárín wákàtí kan. Ó wà nínú ìwé rẹ̀. Kà á.

* * *

Ẹnì kan yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ wúlò: "Tèmi yàtọ̀. Ámóníà mi wà ní 12, kò sì lọ sílẹ̀ bó ti wù kí n fẹ́ afẹ́fẹ́ tó. Wọ́n ní kí n ra bílówà tó tóbi sí i."

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì rà á. Kí ni pH yín, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá ásíìdì pọ̀ nínú omi (bó bá ṣe kéré sí i ni ásíìdì ń pọ̀ sí i)? Kí ni alkalinity omi tó ń jáde? Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ámóníà ń gba ọ́síjìn: gíráàmù 4.57 fún gíráàmù 1 náítírójìn. Èyí tí wọ́n ń gbàgbé ni pé ó tún ń jẹ alkalinity, ìyẹn agbára tí omi ní láti pa ásíìdì lẹ́nu mọ́. Gíráàmù 7.14 ló ń jẹ nínú ìyẹn. Bí náítírójìn mílígíráàmù 40 nínú lítà bá yí padà, alkalinity bíi 285 ti lọ nìyẹn. Níbi tí omi ìlò bá jẹ́ irú èyí tó ń tètè hó pẹ̀lú ọṣẹ, iye yẹn lè má sí nínú rẹ̀ rárá. pH á wálẹ̀, bó bá ti lọ jìnnà sábẹ́ 6.8, àwọn bakitéríà yìí á máa rọ́jú, kò sì sí bílówà tó lè gbà wọ́n.

Pláǹtì kan wà tí wọ́n pè mí sí, bílówà tuntun ti dé, ó ṣì wà nínú pákó tí wọ́n fi dì í. pH táǹkì jẹ́ 6.2. Báìkábónéètì la bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí i, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa fò sókè lójijì. Ámóníà wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì dá bílówà padà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìyẹ̀fun láìmù náà ń ṣe é, owó rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n ó ń dí páìpù, ẹ ó máa fi ọwọ́ ara yín fọ̀ ọ́.

Ohun tó máa yà yín lẹ́nu rèé: nígbà tí náítíréètì bá di afẹ́fẹ́, ìdajì alkalinity tó lọ ń padà, gíráàmù 3.57 fún gíráàmù 1. Ọ́síjìn gíráàmù 2.86 náà sì ń padà bí ẹni san gbèsè. Torí náà pípa bílówà lè jẹ́ oògùn tiyín náà, nígbà tí ẹni tó ń tajà ń sọ fún yín pé kí ẹ fi kún un.

* * *

Methanol ńkọ́?

Ó ń ṣiṣẹ́, kò sí iyàn. Nǹkan bíi gíráàmù 3 ni wọ́n ń lò fún náítírójìn gíráàmù 1, pláǹtì ńláńlá sì ti ń lò ó tipẹ́. Ṣùgbọ́n májèlé ni, iná rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn sójú lójú ọ̀sán, ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí gba àbò lọ́tọ̀, bakitéríà tó ń jẹ ẹ́ sì ń fẹ́ àsìkò kó tó gbèrú. Ní pláǹtì tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣọ́? Mi ò ní fọwọ́ sí i.

Kí o tó ra kábọ́ọ̀nù, wá èyí tí ò ń dà nù rí. Bí BOD tó ń wọlé bá tó ìlọ́po mẹ́rin náítírójìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oúnjẹ tó. Bí kò bá tó, wo táǹkì tí omi ń kó jọ sí lókè kó tó wọ pláǹtì. Ṣé wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i tọ̀sán tòru kó má bàa rùn? Ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ ti ń jóná. Ropo rẹ̀ láìfẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ jẹrà kí ẹ tó fún omi rẹ̀ jáde, omi fífún yẹn lè gbé ìdá 15 sí 20 nínú 100 gbogbo náítírójìn yín, láìsí kábọ́ọ̀nù gidi kan nínú rẹ̀. Ẹ má dà á wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sàn-án Jímọ̀ kí ẹ tó lọ sílé. Ẹ gbà á sínú táǹkì, kí ẹ máa jẹ́ kó ṣàn wọlé díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí kábọ́ọ̀nù kò bá tíì tó, omi ṣúgà tàbí glycerol wà. Wọn kì í gbiná bẹ́ẹ̀.

* * *

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti bi mí bóyá ọ̀nà àárín wà, fún ẹni tí bílówà rẹ̀ kò ṣe é pa. Ó wà, òun ni mo rò pé ó bá olùbéèrè wa mu jù.

Ní 1962, Ludzack àti Ettinger, olùwádìí ọ̀rọ̀ omi ẹ̀gbin, dá a lábàá pé kí ibi tí kò sí afẹ́fẹ́ wà níwájú, níbi tí ẹ̀gbin tútù ti ń wọlé pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù rẹ̀. Ní 1973, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Barnard fi póǹpù kún un, èyí tó ń dá omi oní-náítíréètì padà láti ẹ̀yìn wá síwájú. Kò pọn dandan kó jẹ́ táǹkì tuntun. Táǹkì rẹ gbọọrọ, o sọ bẹ́ẹ̀. Ti afẹ́fẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin iwájú rẹ̀ pa, fi aṣọ ike tó nípọn tàbí pákó dí i, ki ẹ̀rọ ìropo bọ̀ ọ́.

Wá bá mi ṣírò. Bí ẹrẹ̀ tí ò ń dá padà láti táǹkì ìtòrò bá dọ́gba pẹ̀lú omi tó ń wọlé, ìdajì náítíréètì ló máa gba iwájú kọjá. 28 á di 14. Fi ámóníà bíi 1 kún un, àti 1 tàbí 2 míì tó so mọ́ ẹ̀gbin tí kì í kúrò, o ti lé 15 díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ohun tó ń padà bá jẹ́ ìlọ́po kan ààbọ̀ omi tó ń wọlé, pín 28 sí 2.5, nǹkan bíi 11 ló kù. O ti bọ́, bí kábọ́ọ̀nù bá tó.

Má gba gbogbo rẹ̀ láti táǹkì ìtòrò, wàá da ẹrẹ̀ ibẹ̀ rú. Fi póǹpù kékeré fa èyí tó kù láti ẹ̀yìn táǹkì afẹ́fẹ́, ibi tí ọ́síjìn ti kéré. Póǹpù yẹn ò gbé omi lọ sókè, ó kàn ń tì í lọ síwájú, kì í jẹ iná púpọ̀.

Ewu rẹ̀ ni ọjọ́ orí ẹrẹ̀, ìyẹn iye ọjọ́ tí ẹrẹ̀ ń lò nínú pláǹtì kí o tó dà á nù. O ti gba ìdá kan nínú mẹ́rin ààyè àwọn tó ń jẹ ámóníà. Níbi tí omi bá móoru tó ìwọ̀n 20 ti Celsius, kò ṣe nǹkan kan. Níbi tí omi bá tutù dé ìwọ̀n 10, ẹrẹ̀ gbọ́dọ̀ lo ọjọ́ méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ pláǹtì bíi tìrẹ ń pa ẹrẹ̀ mọ́ fún ogún ọjọ́ sókè, nítorí náà àyè wà. Ṣáà má máa da ẹrẹ̀ nù láìṣírò.

* * *

"Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa bílówà, ẹrẹ̀ ti ń léfòó nínú táǹkì ìtòrò, òkìtì-òkìtì. Ẹrẹ̀ ti kú o, mo sọ ọ́!"

Kò kú. Sún mọ́ ọn, wò ó: ṣé ìhó afẹ́fẹ́ kéékèèké lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀? Bu omi táǹkì afẹ́fẹ́ sínú ìkòkò gíláàsì, jẹ́ kó rọlẹ̀ fún ìdajì wákàtí bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n má dà á nù. Fi í sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Bí ẹrẹ̀ tó ti rọlẹ̀ dáadáa bá gbéra sókè lódindi, tí o sì fi igi rò ó tí ìhó afẹ́fẹ́ jáde tó tún rọlẹ̀, náítírójìn ló ń gbé e. Iṣẹ́ tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ nínú táǹkì afẹ́fẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀ ní táǹkì ìtòrò. Ohun méjì ló ń fà á: náítíréètì ṣì pọ̀ nígbà tó kúrò nínú táǹkì afẹ́fẹ́, tàbí ẹrẹ̀ ń pẹ́ jù nísàlẹ̀ kí póǹpù tó fà á. Mú kí póǹpù yẹn yára sí i, fi kún àsìkò pípa. Àwọn tó ń sá padà sí títàn tọ̀sán tòru nítorí rẹ̀ ń mú kí náítíréètì tó ń fà á pọ̀ sí i ni.

* * *

Ẹni tó sọ pé ajílẹ̀ ni náítíréètì, pé kí a dà á sí oko: bó bá jẹ́ pé irè ń fẹ́ ẹ lásìkò náà, tí ilẹ̀ sì lè mu ún, mo gbà. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀gbin ń jáde lójoojúmọ́, irè kì í jẹun lójoojúmọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ń wọ inú ilẹ̀ lọ bá kànga. Ìwọ̀n tí WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) fi lélẹ̀ fún omi mímu ni náítíréètì 50, ìyẹn náítírójìn bíi 11, nítorí àwọn ọmọ ọwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í lè gbé ọ́síjìn bó bá pọ̀ jù. 28 tiwa yìí jẹ́ náítíréètì 124. Bá mi dà á sí oko, ṣùgbọ́n sọ fún mi ibi tí kànga wà.

* * *

Ìgbà wo wá ni ẹnjiníà tọ̀nà? Ó ní ìgbà tó tọ̀nà, kí a má bà á lórúkọ jẹ́.

Bí ìwọ̀n tí wọ́n fún ọ bá jẹ́ 5 dípò 15, táímà àti aṣọ ike ò ní gbé ọ débẹ̀ lójoojúmọ́. Bí pláǹtì ti kún, tí ọjọ́ orí ẹrẹ̀ ò kọjá ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò sí afẹ́fẹ́ tí o lè yọ kúrò láìjẹ́ pé ámóníà yọ jáde. Bí òjò bá ń wọ páìpù tó sì ń gbá ẹrẹ̀ jáde, tún páìpù ṣe kí o tó sọ̀rọ̀ náítírójìn. Tó bá sì jẹ́ adágún lásán ni ẹ ní, ìtàn mìíràn ni: kò sí ẹrẹ̀ tí ẹ ń dá padà, lásìkò òtútù àwọn tó ń jẹ ámóníà fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Níbẹ̀, ike kéékèèké tó ń léfòó, tí bakitéríà ń lẹ̀ mọ́, tí wọ́n ṣe jáde ní Norway ní ìparí àwọn ọdún 1980, lè tó owó tí wọ́n ń bèèrè.

Olùbéèrè, tìrẹ ò sí nínú ìkankan nínú wọn, bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí o kọ. Bí ẹ bá ń da kiloríìnì sí omi tó ń jáde, ṣọ́ náítíráìtì: mílígíráàmù 1 náítírójìn inú rẹ̀ ń jẹ kiloríìnì bíi 5, àwọn kan á rò pé póǹpù kiloríìnì ló bàjẹ́. Kọ lẹ́tà sí àwọn alábòójútó kí o tó yí ohunkóhun padà, kí wọ́n mọ̀ pé ìdánwò ni, nítorí ámóníà á gòkè díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí o sì ní kí ẹnjiníà yẹn tún ìṣirò rẹ̀ ṣe pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin táǹkì tó ti wà nílẹ̀, kó fi BOD tó ń wọlé hàn ọ́. Bó bá kọ̀, ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn.

Wọn ọ́síjìn àti alkalinity lọ́la, kí o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí o kọ nọ́ńbà méjèèjì síbí.